Páálí Ṣáájú Páànù

Mùínátù ń ṣe iṣẹ́ páànù ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Àkíbù, ni ó ti kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ohun tuntun, bàbá náà a tú ògbólógbòó rẹ̀ palẹ̀, a fi òòlù onígi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a gbé e lé páànù tuntun, a sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí etí rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n Ayọ̀rìndé, tí ó ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì ní Igbemo, kò mú ògbólógbòó kankan wá ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú náà. Ìpẹtà ti jẹ àrọ tí wọ́n ń da ìrẹsì sí lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tán. Páànù kan ṣoṣo ni ó gbé wá, kò sì lè tó gé lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ àrọ onígun mẹ́rin: kí ẹnu òkè fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rìnlélógún, kí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, kí ó sì ga ní méjìdínlógún.

Mùínátù kọ́kọ́ gé páálí wò: ojú mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íǹṣì méjìdínlógún.

"Ìyá Ameerah, ṣé páálí ni mo fẹ́ gbé lọ sí Igbemo ni?" Ayọ̀rìndé bi Mùínátù. "Fúàdì oníṣẹ́ páànù tó wà ní òdìkejì yẹn ì bá ti gé e tán."

"Bó bá wá gé e bàjẹ́ ńkọ́, ọ̀gá mi? Ẹ jókòó jàre."

Ó ká páálí náà dìde, ó sì ki rúlà bọ inú rẹ̀ ní ìnàró. Kò pé íǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún tú u palẹ̀: ojú kọ̀ọ̀kan pé méjìdínlógún. Nígbà náà ni ó rí i pé ojú àrọ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí a bá gbé e dìde, kò lè ga tó bí ó ṣe gùn nílẹ̀.

Ó fa ìlà íǹṣì mẹ́sàn-án sílẹ̀, èyí tí ẹnu òkè fi yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìpẹ̀kun rẹ̀ kan ó fa méjìdínlógún sókè, ó sì wọ̀n láti ṣóńṣó ìlà èkíní dé ṣóńṣó èkejì. Ogún íǹṣì ó lé díẹ̀. Ó gé páálí mìíràn bẹ́ẹ̀, ó ká a: méjìdínlógún géérégé. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gé páànù.

Nígbà tí àrọ náà dúró, Ayọ̀rìndé na téèpù mọ́ ara àrọ lóde.

"Hàà! Ogún ni mo rí! Ẹ ti ba páànù mi jẹ́!"

"Ara rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ wọ̀n yẹn. Inú rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, kí téèpù dúró ṣánṣán."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n: méjìdínlógún ni. Ó ní kí wọ́n bá òun wá okùn tí òun yóò fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.