Káríà Iwájú tí Màmá Débọ̀ Ṣe

Màmá Débọ̀ kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Kánò dé Abẹ́òkúta. Ta ni yóò fẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́? Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lásán ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà pé tírélà ni yóò pa á sójú ọ̀nà.

Àmọ́ Bàbá Débọ̀ ti kéde ìrìnàjò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ti ta òróró sí kẹ̀kẹ́ lórí. Ẹyin lohùn. Ìyàwó kò lè dá ọkọ lẹ́kun lójú ìjọ, nítorí náà ẹrù ló fi bá a jà.

Ní Sábón Gàrì, àdúgbò wọn ní Kánò, ẹni tó bá ń lọ sílé kì í lọ lófo. Gbogbo aládùúgbò ni yóò fi nǹkan rán an. Ẹlòmíràn ì bá kọ̀ torí kẹ̀kẹ́ ni. Màmá Débọ̀ gba kílíṣí, ó gba dàbínò, ó gba ata gbígbẹ. Bushrat tó ń ta oúnjẹ ní France Road gbé kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà wá fún ìyá rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Màmá Débọ̀ ní ṣé kò sí òmíràn. Orí káríà ẹ̀yìn ló di gbogbo rẹ̀ sí.

Bàbá Débọ̀ gùn ún wò dé Airport Road. Ẹ̀yìn wúwo, iwájú fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ ń ta gbọ̀ngbọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó mu burukutu. Ó padà wálé, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó se ìrẹsì.

Ì bá ti fi mọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pátápátá, ló bá ti kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Obadiah wẹ́dà, ó ní kó ṣe káríà síwájú.

"Sannu, Mummy. You want am up abi down?"

"Down, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ọ̀tún àti òsì. Make e heavy well well."

Ohun tó mọ̀ ni pé ẹrù tó bá so mọ́ni lẹ́sẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rìn. Ó kó lára ẹrù ẹ̀yìn sínú àpò méjì, ó so wọ́n sọ́tùn-ún àti sósì, ó sì rí i dájú pé ọ̀kan ò wúwo ju ìkejì lọ, kí ìyà náà lè dọ́gba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Débọ̀ tún gùn ún. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ le díẹ̀ láti yí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu géètì. Àmọ́ nígbà tó dójú títì, táyà iwájú jókòó sílẹ̀ dáadáa. Kò mì mọ́. Ó wọ kòtò, ó jáde, ó dé Railway Quarters, ó padà, kẹ̀kẹ́ ń lọ tààrà.

"Ta ló ṣe káríà yìí?"

"Èmi ni."

"God bless you. Lánàá, mo ti pinnu pé mi ò lọ mọ́. Àyà mi já. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa fún pastor. Mo rò pé ìwọ gan-an ò fẹ́ kí n lọ." Ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn mi tó báyìí."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ fi han pásítọ̀.

Màmá Débọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ní irú ìyàwó báyìí ṣọ̀wọ́n.