Yàrá Ìwòran Ìyá Nazario

Ata ni Ìyá Nazario ń yan lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ata gbígbẹ dúdú ni, irú èyí tí èéfín rẹ̀ máa ń mú gbogbo ojúlé wúkọ́. Nítorí náà, nígbà tí Macario yọ sẹ́nu ọ̀nà tí omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ni obìnrin náà kọ́kọ́ rín.

"Ẹ wo fọ́máànù tó ń jágbe mọ́ gbogbo bíríkìlà ìlú Puebla! Ata lásán ló ń pa á lẹ́kún?"

Akoto aláwọ̀ ìyeyè kan wà lọ́wọ́ Macario, ó sì gbé e bí ẹni gbé abọ́ tí omi kún dẹ́nu. Ìgbà náà ni Ìyá Nazario rí orúkọ tí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kọ síwájú akoto ọ̀hún. Ṣíbí igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ata jóná, kò sẹ́ni tó yí i.

"Láti orí òrùlé pápá ìṣeré tuntun ló ti já bọ́, Ìyá mi," Macario wí. "Páànù ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

"Àwọ̀n tí wọ́n ń ta sábẹ́ òrùlé ńkọ́?"

Macario wo ilẹ̀. "Wọn ò ta àwọ̀n kankan, Ìyá mi."

Ikú kan nìyẹn. Ikú kejì dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti tẹ́ òkú sí pálọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń ka rósárì, nígbà tí ohùn Ọ̀gá Arizmendi, ààrẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Alfareros, jáde nínú rédíò ilé kejì. Ó ní ọkàn òun gbọgbẹ́. Ó ní ṣùgbọ́n ó yẹ kí aráàlú mọ̀ pé òṣìṣẹ́ náà ti mutí yó kó tó gun òkè, àti pé iṣẹ́ pápá ìṣeré tuntun kò ní dúró.

Ìlẹ̀kẹ̀ rósárì dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀. Nínú oṣù Kérésìmesì tó kọjá, lọ́jọ́ ọdún Màmá Màríà ti Guadalupe, Nazario kúnlẹ̀ níwájú àwòrán Wúńdíá, ó búra létí Fádà pé ọtí kò ní kan ẹnu òun títí ọdún mìíràn yóò fi yí po. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ìlú náà máa ń ṣe. Ẹni tó bá ti búra, ọ̀rẹ́ kì í fi ọtí lọ̀ ọ́ mọ́. Ilé àríyá tó bá wọ̀, omi dídùn ni wọ́n ń bù fún un láìbéèrè. Ẹni tó bá sì ṣẹ́ ìbúra náà, ọtí nìkan kọ́ ló mu, ìyá Ọlọ́run ló parọ́ fún. Láti ọjọ́ náà, ike omi ìsápá pupa ni Nazario ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Fádà Ìsápá. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á kígbe pé, "Fádà, ẹ súre fún wa!" Òun náà á sì wọ́n omi pupa sí wọn lórí.

Arizmendi kò mọ èyí. Irọ́ tó sún mọ́ ọn jù lọ ló mú, irọ́ tí àwọn olówó máa ń pa mọ́ bíríkìlà, kò sì mọ̀ pé ibi tí ó ṣá ọmọ náà sí gan-an nìyẹn. Ó ti gba ẹ̀mí rẹ̀, ó tún sọ òkú rẹ̀ di ọ̀dàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Ìyá Nazario lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọ́n ní Ọ̀gá kò sí nílé. Wọ́n ní Ọ̀gá wà nípàdé. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Àwọn èèyàn sì rò pé ó ti gba kádàrá. Wọn ò mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń ka Baba Wa lálaalẹ́, ó máa ń fo gbólóhùn ìdáríjì. Kò fẹ́ wà lórí eékún kó máa parọ́ fún Ọlọ́run.

Ohun kan wà tí ó ní. Nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ pápá náà, owó kò tó. Wọ́n ta àwọn yàrá ìwòran tó ní dígí níwájú fún àwọn ọlọ́rọ̀ kí wọ́n tó kọ́ wọn rárá, kí kálukú ni tirẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Owó náà tún tán. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá san iṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́. Fidencio, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, ló jó gbogbo irin ìfọwọ́tì ìhà ìlà oòrùn. Yàrá kan lókè kẹta ni wọ́n fi san án. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Herminia, ilé tí à ń gbé kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n a ti ní ibi tí a ó ti máa wo bọ́ọ̀lù títí ọmọ ọmọ wa yóò fi hu irùngbọ̀n!" Ikọ́ yẹn ló pa á kó tó wo eré kankan níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀, nínú okùn kan náà pẹ̀lú àgbélébùú kékeré tí wọ́n fún un nígbà ìgbàmọ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Lẹ́ńtì ń parí lọ, mọ́tò ńlá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Arizmendi sọ̀ kalẹ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀ èso.

"Ẹ kú ìrójú, Ìyá wa."

"Ìrójú ti gbó, Ọ̀gá. Ẹ jókòó. Ẹ má bẹ̀rù àga yẹn, ọmọ mi ló kàn án. Kì í yẹ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sí etí àga. Ó ṣàlàyé pé báńkì kan fẹ́ san ohun tó kù: àga àwọn òǹwòran, iná pápá, ojú àwòrán ńlá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí gbogbo yàrá òkè kẹta níhà ìlà oòrùn di gbọ̀ngàn kan ṣoṣo fún àlejò wọn. Àwọn yòókù ti tà. Tirẹ̀ ló kù, àárín gbùngbùn ló sì wà.

"Ẹ dárúkọ iye tí ẹ fẹ́, Ìyá. Kí lẹ fẹ́ fi yàrá kékeré ṣe? Ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Mábù tí wọ́n ti ń tẹ́ sí gbọ̀ngàn yín yẹn, ṣé òótọ́ ni pé ojú òkun ló gbà wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Láti Ítálì ni." Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ ti ń rọ̀.

"Ó ga o. Mábù rí ọkọ̀ wọ̀ láti Ítálì, àwọ̀n ò rí ọkọ̀ wọ̀ láti ọjà."

Ìyá Nazario bó ọsàn kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà, kò jẹ ẹ́.

"Ọjọ́ Àgbélébùú ń bọ̀," ó wí. "Ẹ mọ bí àwọn bíríkìlà ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n á wọ àgbélébùú ní òdòdó, wọ́n á gbé e síbi tó ga jù lọ lára ilé, ẹni tó nilé á sì bọ́ wọn. Lọ́dún yìí, ẹ̀yin lẹ máa gbé e gòkè, síbi tí ọmọ mi ti ṣubú. Ẹ ó sọ fún gbogbo ayé ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi mí léèrè kọ́kọ́rọ́."

"Tí mo bá ṣe é, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn?"

"Mo ní kí ẹ wá bi mí léèrè."

Ẹni ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀. Ohun tí Arizmendi fẹ́ gbọ́ nìkan ló gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù karùn-ún, pápá kún fún ariwo ìbọn oníbébà tí wọ́n ń yìn ṣàjọ̀dún. Wọ́n ń yan ẹran ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Fádà ti súre sí àgbélébùú igi tí wọ́n fi òdòdó àti bébà aláràbarà wọ̀. Arizmendi fà á lé èjìká, ó ń gun àtẹ̀gùn irin lọ, Macario ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyá Nazario dúró nísàlẹ̀ láàárín àwọn akọ̀ròyìn. Ó rí àwọ̀n funfun tuntun tí wọ́n ta sábẹ́ òrùlé báyìí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó fẹ́ kí àwọ̀n náà já.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá!" ni Macario ń sọ, ohùn rẹ̀ sì délẹ̀ ketekete. "Bí ẹ bá já bọ́, àlá dídùn lẹ kàn máa lá lórí àwọ̀n!"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn gbọ́.

Láti orí àtẹ̀gùn, Arizmendi ri àgbélébùú mọ́ òrùlé, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Àṣìṣe kan wáyé nínú ìròyìn tó..."

"Ta ló ṣe àṣìṣe?" Ìyá Nazario kígbe láti ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ kó yé wa!"

Bíríkìlà kan gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Èkejì gbè é. Láìpẹ́ gbogbo pápá ń dún gbàgà-gbàgà, àtẹ̀gùn irin sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ààrẹ. Ó di àgbélébùú mú, nítorí kò rí nǹkan mìíràn dì mú.

"Èmi ni!" ó ké. "Èmi ni mo parọ́. Nazario kò mutí. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ra àwọ̀n."

Òòlù dákẹ́. Àwọn ọkùnrin ṣí akoto wọn.

Nígbà tí ó délẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó na ọwọ́. "Ìyá, mo ti ṣe é. Kọ́kọ́rọ́."

Ìyá Nazario fa okùn ọrùn rẹ̀ jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà hàn án, ó sì dá a padà sáyà.

"Ẹ bi mí léèrè, mo ti gbọ́. Mi ò tà á."

"Ẹ ṣèlérí fún mi!"

"Nígbà wo?"

"Ìyá, báńkì á kọ̀yìn sí wa! Ẹ fẹ́ ba ẹgbẹ́ jẹ́?"

"Ẹgbẹ́ kọ́," obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́. "Ìwọ."

Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ bí ó ṣe pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà. Obìnrin tí kì í fi "ìwọ" pe ọmọdé tó ń ta ṣìngọ́ọ̀mù.

Báńkì kọ̀yìn lóòótọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yọ Arizmendi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ránṣẹ́ pè é lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Ìyá Nazario gbọ́ ọ lórí rédíò kan náà. Ó dúró de ayọ̀ tí ó rò pé yóò dé, ó rí díẹ̀, kò tó bí ó ṣe rò. Àwọn kan bú u lọ́jà pé òun ló dá pápá àwọn dúró. Ẹgbẹ́ ta àga fún àwọn mẹ̀kúnnù ṣáájú àkókò, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, títí iṣẹ́ fi parí. Gbọ̀ngàn òkè kẹta sì wà ní ọ̀nà méjì, yàrá kan là á láàárín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá, Macario àti àwọn bíríkìlà gòkè wá tàwọn ti bàtà tí sìmẹ́ǹtì kò kúrò lára rẹ̀. Ìyá Nazario gbé ìkòkò ọbẹ̀ ata gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní mole àti tortilla àgbàdo pẹlẹbẹ gbígbóná tó wé sínú aṣọ dání. Òórùn ata ṣàn wọ gbọ̀ngàn mábù lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn ọlọ́rọ̀ ń na ọrùn.

Òṣìṣẹ́ pápá kan sáré dé. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, wọn ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta."

"Ẹ wo ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi. Ta ló ni ín?"

Ọkùnrin náà wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ó wo ìkòkò. "Fidencio Cuautle."

"Èmi ni ìyàwó ẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ jẹ."

Fèrè dún nísàlẹ̀, igbe sọ. Àwọn ọkùnrin wá àyè jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n fi àga iwájú sílẹ̀, èyí tó sún mọ́ dígí jù lọ. Ìyá Nazario gbé akoto ìyeyè ọmọ rẹ̀ lé e. Ó ṣí ike, ó bu omi ìsápá pupa sínú ife, tútù, láìfi ọtí kankan lú u, ó sì gbé e síwájú akoto náà.