Àtàǹpàkò Abímbọ́lá

Ní àdúgbò wọn ní Kubwa, bí àlejò bá béèrè ilé Bàbá Àtàndá, àwọn ọmọdé á ní kó wá ilé tí wọ́n ya àtùpà sí lára géètì. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni àtùpà yẹn. Láti ìgbà tí Àtàndá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ Alátùpà ní òpópónà wọn, tọkàntara ló sì fi ń ṣe é. Kódà, ọkùnrin náà kì í jẹ ẹran ẹyẹlé mọ́, nítorí pé ẹyẹlé ni àmì ẹgbẹ́ kejì. Ó ní òun ò lè jẹ ohun tí òun ń bá jà.

Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn rí lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé nígbà tí òun fẹ́ ọkọ, òun fẹ́ àtùpà mọ́ ọn ni. Ibi tí ọkọ bá tẹ̀ka sí ni aya ń tẹ̀ka sí, bí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, ojú Abímbọ́lá ti ṣú. Òjìji ènìyàn ló ń rí, bí wọ́n bá sì gbé ìwé síwájú rẹ̀, funfun lásán ni. Dókítà ní Gwagwalada ti ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọn ò tíì dá ọjọ́.

Òfin gbà pé kí ẹni tí kò ríran dáadáa mú ẹni tó bá wù ú wọ kọ̀rọ̀ ìdìbò, kí onítọ̀hún sì bá a fi ìka rẹ̀ tẹ ibi tó bá fẹ́. Kíkẹ́olúwa ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Wuse, torí rẹ̀ ló ṣe wá sùn sílé. Abímbọ́lá ní kó má ṣèyọnu, bàbá rẹ̀ ni òun ń mú wọlé.

Inú Àtàndá dùn kọjá sísọ. Ó mọ̀ pé Ẹlẹ́yẹlé ni Kíkẹ́, ó sì gbà pé ìyàwó òun kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ tẹ ìtẹ̀kutẹ̀ fún òun. Ó pe Súnkànmí, akọ̀wé ẹgbẹ́, pé kó fọkàn balẹ̀, ìbò ilé òun pé, àfi ti ọmọ olóríkunkun kan.

Ìbò káńsù ni. Ìwé méjì ni wọ́n ń fún olúkúlùkù, ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀. Ẹni tí Alátùpà fà kalẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀, ìgbà ìbò nìkan ni bàtà rẹ̀ ń rí eruku Kubwa. Ìdáyátù ni Ẹlẹ́yẹlé fà kalẹ̀ ní tiwọn, ọmọ ilé tó tẹ̀ lé ti Àtàndá, tó jẹ́ pé ìdí ìkòkò Abímbọ́lá ló dàgbà sí. Àtàndá fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Ó ti sọ fún un pé òun á máa gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n òun ò ní dìbò fún un. Ìdáyátù kúnlẹ̀, ó ní àdúrà náà tó òun.

Lọ́jọ́ ìbò, Àtàndá fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wọ kọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ìwé alága síwájú rẹ̀, Abímbọ́lá ní àtùpà, wọ́n tẹ àtùpà. Ó tẹ́ ìwé kejì, ó sì ti ń gbé ìka obìnrin náà lọ síbi tó ti mọ́ wọn lára.

"Ẹyẹlé ni kí ẹ bá mi tẹ̀," ni Abímbọ́lá wí jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ Àtàndá dúró. Ó sọ ọ́ sí i létí pé ojú wo ni òun fẹ́ fi wo àwọn ará ẹgbẹ́.

"Alátùpà ni mí, Bàbá Kíkẹ́, n ò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo já sí gọ́tà, Ìdáyátù ló fà mí jáde. Òun náà ló ń lọ, tó ń bọ̀, títí káńsù fi wá da kọnkéré bò ó."

Òótọ́ ni, Àtàndá náà mọ̀ ọ́n. Ó wo ìwé, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tí kò lè rí ìwé náà. Bí ó bá tẹ àtùpà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Súnkànmí á yọ̀, Abímbọ́lá á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Ìdúpẹ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò gbà. Àtàǹpàkò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tó ti sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó gbé e sórí ẹyẹlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ká ìwé náà kí íńkì má baà ràn. Nígbà tó kan òun alára, àtùpà ló tẹ̀ nínú ìwé méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo èrò ń bá òṣìṣẹ́ ìbò kà á sókè. Àtùpà ló wọlé fún alága. Nígbà tó di ti káńsẹ́lọ̀, ìbò díẹ̀ ni ẹyẹlé fi borí níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ayọ̀ pariwo "Yauwa!" Súnkànmí fajú ro, ó tọ Àtàndá wá láàárín èrò, ó ní àwọn kan ti fi ọ̀tún gba àtùpà, wọ́n fi òsì gba ẹyẹlé, ṣé ìbò ilé Bàbá pé bí wọ́n ṣe ṣèlérí?

"Tèmi, àtùpà ni, méjèèjì," ni Àtàndá dáhùn. "Èyí tí ìyàwó mi rán mi, òun ló ni ín."

Súnkànmí ní ó ti yé òun. Ó ní kí Bàbá wá ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, bóyá ó ti tó àkókò kí ẹlòmíì di àga náà mú. Àtàndá ní òun á wá. Ó dùn ún, nítorí ó fẹ́ràn àga yẹn.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi mú Kíkẹ́, tí ìbá fi tayọ̀tayọ̀ tẹ ẹyẹlé, tí ariwo kankan ò sì ní sí.

"Ohun tí Kíkẹ́ ń fẹ́ nìyẹn," ni Abímbọ́lá wí. "Tó bá tẹ̀ ẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi ló tẹ̀ tàbí tirẹ̀? Ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ. Tí ẹ̀yin bá tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé tèmi ni."

Ìfẹ́ obìnrin náà kún inú Àtàndá. Ó ní, "O ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́."

"Tó bá jẹ́ pé mo máa bi yín ni," ni Abímbọ́lá wí, "Kíkẹ́ ni ǹ bá mú."