Kílíà Méjì Nílé Kan

Ká má parọ́, ẹnu Hàwáwù ló kó bá iṣẹ́ náà. Ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀ ń ròyìn rẹ̀ kiri Ìsàlẹ̀ Gángan, á máa rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ á máa mì: "Èmi agbáyà!"

Khairiyyah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà kan fún Mojísọ́lá tó ń ta léèsì lẹ́bàá Tinúbú, káwọn oníbàárà lè máa wo fọ́tò ọjà níbẹ̀. Tí obìnrin náà bá fẹ́ràn rẹ̀, Khairiyyah ríṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni Mojísọ́lá ń bọ̀ wá wò ó.

Àkójọ àṣẹ méjì táwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ni ọmọ náà yá lò. Ọ̀kan ń tọ́jú ojú ẹ̀rọ, èkejì ń tọ́jú fọ́tò. Méjèèjì ló ní àṣẹ tó ń jẹ́ kílíà: ti àkọ́kọ́ á nu ojú ẹ̀rọ mọ́, ti èkejì á kó gbogbo fọ́tò dànù. Torí náà, kí Khairiyyah tó kọ kílíà, á kọ orúkọ ilé, ìyẹn àkójọ, tó ti wá, á sì máa kà á sókè.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ni Hàwáwù wí. "Ṣé oríkì lò ń kì í ni? Pè é lórúkọ, kó dá ẹ lóhùn. Ẹ̀bà ń tutù!"

Ebi ń pa ọmọ. Ó yọ orúkọ ilé kúrò, ó da àṣẹ méjèèjì pọ̀ sójú kan, ó ní kí kílíà ṣiṣẹ́. Èyí tó wọlé gbẹ̀yìn, ti fọ́tò, ló jẹ́ ìpè. Fọ́tò pòórá, fáú!

"Màmá, ẹ ti bayé mi jẹ́!"

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́?"

Khairiyyah nu imú. "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ ṣèyàwó wọlé yìí, Mùtíù mélòó lẹ bá níbí?"

"Méjì. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé lórúkọ, kó tiẹ̀ jẹ́ ìkókó. Mo sọ ọ̀kan ní Adúmáadán, mo sọ èkejì ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tí mo bá ti pe..."

Hàwáwù wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ nídìí rẹ̀. "Yéè! Orí mi ti di àgbá òfìfo!"

"Ẹ sọ àwọn tibí náà lórúkọ, kó kúrú, kí ẹ̀bà má baà tutù."

Hàwáwù ò wá orúkọ tuntun. Adúmáadán di ẹni tó ń nu ojú ẹ̀rọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ẹni tó ń kó fọ́tò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fọ́tò náà ṣì wà lórí fóònù Mojísọ́lá. Khairiyyah tún béèrè wọn, obìnrin náà sì tún fi wọ́n ránṣẹ́, ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló burú.

Nígbà tó dé, Khairiyyah ní kí kílíà Adúmáadán ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, léèsì sì padà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pérépéré.

"Máa bọ̀ níṣẹ́ lọ́la," ni Mojísọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó o kọ síbí yìí?"

"Òun ló ń ba tèèyàn jẹ́!" Hàwáwù pariwo. "Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ ọjà yín o!"

Bàbá Mùtíù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ìjọ́sí, sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bùta àlùwàlá lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ìyàwó," ló wí, "nínú àwa méjèèjì, kí ni mo ṣe fún ẹ tó fi jẹ́ èmi lo fi ṣe ẹni tó ń kó ọjà ọlọ́jà dànù?"