Ọjọ́ Tí Àwọn Ahunṣọ Lọ Bá Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi jókòó lágbàlá Ládòkun, ọ̀kan nínú wọn, kí ohùn wọn tó ṣọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìlú fòfin de òwú òyìnbó lọ́jà, nítorí òwú àwọn àgbẹ̀ Ìpápó ti ń bàjẹ́ nílé, àwọn obìnrin tó ń rànwú kò sì ríṣẹ́ ṣe mọ́. Fàsásì, olórí ẹgbẹ́, ló mú àbá náà wá. Òun náà ló ní kí Àwáwù, tó ti ń rànwú fún un láti ọdún mọ́kànlá, bá wọn lọ.

Láàfin, Fàsásì sọ̀rọ̀ débi tí àwọn ìjòyè fi ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí wọ́n fi ìyàtọ̀ òwú méjèèjì han òun. Ládòkun ti mú òwú òyìnbó díẹ̀ dání. Fún ti ilé, ó gbé aṣọ tuntun tí Fàsásì hun lé Àwáwù lọ́wọ́ pé kó ṣàlàyé.

Àwáwù fọwọ́ ra aṣọ náà, ó tún fọwọ́ ra á. Òwú tí a fọwọ́ ràn máa ń ki níbì kan, kó tín-ín-rín níbòmíràn. Èyí dọ́gba látòkè délẹ̀. Ó fa fọ́nrán kan yọ, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó yíjú sí Fàsásì, ó ní, “Bàbá Mùtíátù, òwú tí mo ràn fún yín dà?”

Fàsásì wolẹ̀. Ó ní ó wà lájà, àpò mẹ́rin. Òwú òyìnbó kì í já lórí òfì, àwọn oníbàárà sì ń kánjú.

“Mo rò pé bí òfin bá mú gbogbo wa,” ó ní, “èmi náà á lè jáwọ́.”

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n lọ tún ọ̀rọ̀ wọn rò.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Àwáwù kò lè fọwọ́ kan òwú. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n má bèèrè òfin tí àwọn fúnra wọn kò lè pa mọ́. Kí ẹni tó bá fi òwú òyìnbó hun aṣọ ṣáà máa sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó tà á. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n Fàsásì ló kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ sì gbà á.

Nígbà tí Fàsásì wá kí i kú oríire, Àwáwù kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó ran àpò òwú mẹ́rin tó ṣì wà lájà.