Ọ̀nà Ilé Nijolė

Ọdún mọ́kànlá ni Elvyra ti ń gbé pẹ̀lú Rimgaudas ní Kėdainiai kí ọkùnrin náà tó la ẹnu lọ́jọ́ kan pé kí àwọn méjèèjì lọ ṣe fàájì ní Vilnius. Ìdí kùkúńbà ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, wọ́n ń kó o sínú ìgò pẹ̀lú omi iyọ̀ àti aáyù, bí gbogbo ilé ní Kėdainiai ti ń ṣe tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

"Àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wo ìlú yẹn," Rimgaudas wí. "Àwa tí kò ju wákàtí méjì lọ sí i, kí ló ń dá wa dúró?"

"Èmi àti ìwọ?"

"Àbí ta ló tún kù nílé yìí?"

Elvyra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Alásè ilé ìwé ni Elvyra kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló sì wà nígbà tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti gbà pé ó di ọ̀run kó tó ní i. Rimgaudas ní tirẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó kan rí, Nijolė lorúkọ rẹ̀, ìyẹn sì ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú. Elvyra kò béèrè ọ̀rọ̀ Nijolė rí, Rimgaudas náà kò sì sọ ọ́ rí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀.

Rimgaudas kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í mutí para, kì í jágbe mọ́ni, tí yìnyín bá sì bo ẹnu ọ̀nà, òun ló ń kọ́kọ́ jí lọ kó o kúrò. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Elvyra, ó ń dùn ún dé egungun: ọkùnrin yìí kò pè é ní ìyàwó rẹ̀ rí lójú ẹnikẹ́ni. Tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a ní "ẹni tí a jọ ń gbé." Tí àlejò bá dé, a ní "Elvyra nìyí," á sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni tó ń ka orúkọ kan jáde nínú ìwé. Ìgbà mìíràn wà tí obìnrin náà máa ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé ìyàwó lòun nínú ilé yìí ni àbí alásè tó kàn pààrọ̀ ibi iṣẹ́? Ó wá ní nínú ara rẹ̀ pé Vilnius ni òun yóò ti mọ̀. Tí ọkùnrin yìí bá lè pe òun ní ìyàwó lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀, láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó tó òun.

Stasė tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà gbọ́, ó fi ẹ̀rín bọnu. "Ẹ̀yin àgbàlagbà wọ̀nyí! Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ ní Vilnius o, kí ẹ má baà gbé oyún bọ̀ wálé!"

Ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Elvyra wọ bàtà tuntun aláwọ̀ búlúù, èyí tó ti ń gé e ní gìgísẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Kėdainiai pàápàá, ṣùgbọ́n oge kì í sọ pé ó ń dun òun. Rimgaudas gbé báàgì kan kọ́ èjìká. Elvyra rò pé súwẹ́tà ló wà nínú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì ti gbéra ni ọkùnrin náà ti sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀, wọ́n gun òkè lọ sí Ẹnubodè Òwúrọ̀, níbi tí àwòrán Ìyá Olúwa wà lókè ẹnubodè, tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ lójú títì láìwo ti eruku. Elvyra kúnlẹ̀. Kò tọrọ ọlá, kò tọrọ ẹ̀mí gígùn. "Ìyá, ẹ jẹ́ kó pè mí lórúkọ tí mò ń jẹ́ sí i," ó wí. Nígbà tó gbójú sókè, Rimgaudas ti wà níwájú tipẹ́, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rin ìlú náà. Rimgaudas ń sáré níwájú bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, Elvyra ń tiro lẹ́yìn. Ilé aláwọ̀ ìyeyè rèé, ilé aláwọ̀ osùn rèé, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì lósì, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò ara wọn níwájú ògiri tó ti dàgbà ju baba ńlá wọn lọ. Elvyra fẹ́ dúró. Ó fẹ́ kí wọ́n jọ dúró. Ọkọ àti ìyàwó kan kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń jẹ áìsìkiriìmù kan náà, ọkùnrin bù ú jẹ, obìnrin bù ú jẹ. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀.

"Rimgaudas, a kò ní gun òkè ilé ìṣọ́ yẹn ni? Wọ́n ní téèyàn bá wà lókè, gbogbo òrùlé ìlú ló ń rí."

"Tó bá yá."

Wọ́n jẹun nílé oúnjẹ kan ní ìgun òpópónà. Ọbẹ̀ tútù pupa ni wọ́n bù fún wọn pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi Rimgaudas pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ìyàwó yín náà yóò jẹ ọ̀dùnkún sí i?"

Elvyra dá síbí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ́tí.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀," Rimgaudas dáhùn, ó sì ń jẹun lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí Elvyra dúró de òun lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀ tó ń ta òdòdó nínú korobá. Ọkùnrin náà bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì padà wá pẹ̀lú òdòdó ńláńlá tí wọ́n fi ìwé wé. Ó kàn nà án sí Elvyra pé kó bá òun mú un.

Áà! Ayọ̀ tó gba ọkàn obìnrin náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ìrora gìgísẹ̀ rẹ̀ fò lọ. Ọdún mọ́kànlá, òdòdó kan kò ti ọwọ́ ọkùnrin yìí bọ́ sí tirẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òdòdó náà, torí kò sí ọmọ ilẹ̀ Lithuania tó gba òdòdó tí kò ní í kà á. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn níbẹ̀ mọ̀ pé ẹyọ kan, mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje ni ti alààyè. Èyí tó bá ṣe é pín sí méjì ọgbọọgba, ti òkú ni.

Ó kà á. Márùn-ún, mẹ́fà, méje. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: mẹ́jọ ni.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó sáré tiro lọ bá arúgbó náà. "Ìyá, ẹ mà ti ṣì í kà o! Mẹ́jọ lẹ dì fún wa. Ṣé ẹ fẹ́ sin mí láàyè ni? Ẹ bá mi yọ ẹyọ kan."

"Ojú mi kò tíì fọ́, ọmọ mi," arúgbó náà wí. "Mẹ́jọ ni ọkọ rẹ ní kí n dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í." Bó ti wo ojú Elvyra, ó yára wo ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú ní àyà rẹ̀.

Elvyra padà wá. Òdòdó náà ti wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rimgaudas, ta ló kú?"

"Nijolė ni."

"Nijolė ti kú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ibí ló wà. Ará ibí ni wọ́n, ilẹ̀ ìdílé wọn wà ní itẹ́ òkú lódìkejì odò. Kò jìnnà." Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, o lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí kí n lọ kí n bọ̀. Ṣùgbọ́n ì bá wù mí kí o wá."

Ì bá wù mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fà á lọ. Ó tẹ̀ lé e kọjá afárá, wọ́n gba ọ̀nà tóóró kan gòkè, wọ́n wọ abẹ́ igi páìnì níbi tí ariwo ìlú kò dé mọ́. Níbẹ̀ ni Rimgaudas ti tú báàgì rẹ̀. Kò sí súwẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Réèkì kékeré, àbẹ́là, aṣọ ìnulẹ̀ àti ìgò omi ló wà níbẹ̀.

Koríko ti bo ibojì náà. Rimgaudas gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ fún un, Elvyra sì gbé òdòdó sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko ìyálé rẹ̀. Ó tu ú mọ́ tónítóní, torí kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Ó fi réèkì tún iyanrìn ṣe. Ó da omi sí aṣọ, ó nu òkúta. Orúkọ Nijolė yọ, ọdún ìbí rẹ̀ yọ, ọdún ikú rẹ̀ yọ. Elvyra nù ún sísàlẹ̀, orúkọ mìíràn tún yọ: Rimgaudas. Ọdún ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, 1953, àti ìlà kékeré kan. Lẹ́yìn ìlà náà, òkúta ń dán, kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wọn: tí ọ̀kan bá kú nínú tọkọtaya, èyí tó kù a gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ olóògbé, á wá fi ọdún ìkẹyìn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Elvyra ti rí i lórí òkúta òbí rẹ̀. Ohun tí kò rò rí ni pé ọkùnrin tí òun ń se oúnjẹ fún láràárọ̀ ti ní ibi tó máa sùn sí, àti ẹni tó máa sùn tì.

"Ìgbà wo lo gbẹ́ ẹ?"

"Ọdún tí Nijolė kú. N kò tíì mọ̀ ọ́ nígbà náà."

"O ti mọ̀ mí fún ọdún mọ́kànlá báyìí."

"Òkúta kò ṣe é pa rẹ́, Elvyra."

Ó tan àbẹ́là. Elvyra ń bẹ lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. "Kí ló dé tí o fi mú mi wá?"

Ọkùnrin náà kó réèkì padà sínú báàgì. "Dókítà ní àyà mi kò dára mọ́. N kò bímọ, n kò lẹ́bí. Tí mo bá kú, ìwọ ni wọn yóò bi. Mo fẹ́ kí o mọ ọ̀nà ibí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kì í ṣe fàájì la wá ṣe nígbà náà."

"A ṣáà jẹ ọbẹ̀. A rí ìlú."

"Èmi wá ńkọ́, Rimgaudas? Níbo ni wọn yóò sin èmi sí?"

Ojú ọkùnrin náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò wá sí i lọ́kàn rí. Ìyẹn ló dun Elvyra jù. Kì í ṣe pé ó rò ó tó sì kọ̀ ọ́. Kò rò ó rárá ni. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ kọ́?"

"Bàbá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi."

"Ó dáa. A ó wá nǹkan ṣe sí i," ó wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òrùlé ń jò.

Elvyra dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. Ó ti dá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ́kọ, ṣùgbọ́n kò dá wà rí tó báyìí.

Ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, Rimgaudas wo aago. "Bọ́ọ̀sì yóò gbéra láìpẹ́. Máa ṣáájú, jẹ́ kí n wò ó bóyá o mọ ọ̀nà."

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá tán, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí òkè ilé ìṣọ́, Elvyra ń rí àwọn èèyàn tó ń gùn ún lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ohùn ẹ̀rín wọn ń dún bọ̀. Èkejì lọ sí ibùdókọ̀. Rimgaudas dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Elvyra lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó lè gun òkè náà lọ kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run á sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ọkùnrin yìí wá sin síbí tí òun bá kọ̀? Ó yà sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Ó kọjá lára arúgbó olódòdó, ó kọjá lára àwọn ilé aláwọ̀ mèremère, ó kọjá lábẹ́ Ẹnubodè Òwúrọ̀ láìgbé ojú sókè. Kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí wọ́n ti dé ìdí bọ́ọ̀sì, Rimgaudas bú sẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó di ọwọ́ Elvyra mú níwájú gbogbo èrò, ó sì kọjú sí dẹ́rẹ́bà.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ìyàwó mi rèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mú un gba ọ̀nà kan ní ìlú yìí, ó ti mọ̀ ọ́n délé!"

"Ẹ kú oríire, bàbá," dẹ́rẹ́bà wí. "Irú wọn ṣọ̀wọ́n o."

"Ìyàwó mi ni," Rimgaudas tún wí.

Elvyra gòkè sínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ó ti gbọ́ ọ báyìí, lẹ́ẹ̀mejì pàápàá. Ó kọjú síta kí ọkùnrin náà má baà rí omijé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ti ọkùnrin náà títí wọ́n fi dé Kėdainiai.