Ibi Tí Delbert Ti Ń Ṣa Olú

Ọ̀sán ti pọ́n, Delbert kò tíì dé, Verna kò sì lè jókòó. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ó lọ sójú fèrèsé, ó tún padà. Búrẹ́dì tó fi jáàmù sí fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà nínú bébà lórí tábìlì. Àìsàn ṣúgà ń bẹ lára Delbert, abẹ́rẹ́ tó sì ń gbà láràárọ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń gbà kó má jẹun. Bó bá ti pẹ́ jù kó tó jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú á ṣú. Ó mọ gbogbo èyí, ó sì fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ. Kí ló ń lé e? Olú ni o.

Ẹja orí ilẹ̀ ni wọ́n ń pe olú yìí ní àfonífojì tiwọn, torí ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń yí i kí wọ́n tó dín in, bí wọ́n ti ń ṣe ẹja. Oṣù kẹrin ló ń hù, lẹ́yìn òjò, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, orí rẹ̀ rí bí afárá oyin. Kò sẹ́ni tó ń gbìn ín, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ibi tó ti rí i. Aládùúgbò rẹ á yá ọ lọ́kọ̀, á bá ọ gbẹ́ sàréè bàbá rẹ, ṣùgbọ́n bi í léèrè ibi tó ti ṣa olú, irọ́ gidi ló máa pa fún ọ.

Ti Delbert wá burú ju ti gbogbo wọn lọ. Á gbé ọkọ̀ sí ìdí òkè kan, á wá fẹsẹ̀ rin òkè méjì kọjá, kí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e lè sọnù. Verna tí wọ́n jọ ń sùn láti ọdún mọ́kànlélógójì gan-an kò mọ ibẹ̀. Ó bi í títí ó fi sú u.

Àwọn panápaná tí Verna ké sí pé kí wọ́n bá òun wá a rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń ké orúkọ rẹ̀ nínú igbó ibẹ̀. Verna sáré débẹ̀.

“Àkókò lẹ̀ ń fi ṣòfò,” ó sọ fún ọ̀gá wọn. “Ibi tí Delbert bá gbé ọkọ̀ sí, Delbert ò sí níbẹ̀.”

“Níbo ló wá wà, mà?”

“Mi ò mọ̀,” Verna ní. Ojú tì í.

Ibẹ̀ ló ti rántí Orville. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Delbert ti ń ti igbó bọ̀ pẹ̀lú èébú, pé ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé olú òun kóun tó dé. Lọ́jọ́ náà gan-an, òórùn olú díndín á máa ta láti ilé Orville, aládùúgbò wọn. Verna ti fura tipẹ́. Ó pa ẹnu mọ́ ni, inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn sí i díẹ̀.

Ó bá Orville nídìí ọgbà tó ń tún ṣe.

“Orville, níbo ni Delbert ti ń ṣa olú?”

“Èmi kẹ̀, Àǹtí Verna? Èmi tí mi ò lè rí olú tó bá hù sórí bẹ́ẹ̀dì mi?”

“Mo ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, a ò sì rí i.”

Etí Orville pọ́n. Ó ju òòlù sílẹ̀.

“Ẹ wọ bàtà tó le,” ló wí.

Wọ́n gun òkè. Orville kò dúró wòye níbì kankan. Ó ń yà nídìí òkúta, ó ń fo odò, bí ẹni ń lọ sí bàlùwẹ̀ ilé ara rẹ̀. Verna ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì lápò. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i. Olè mọ ọ̀nà, ìyàwó ò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, Àǹtí.”

“Máa lọ jàre.”

Ìdí igi ńlá kan tó ti kú ni wọ́n ti rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta, ó ti wú, òógùn ti rin ín gbingbin, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yéni. Verna gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka tọ́ jáàmù sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí ojú Delbert tó là. Orville ló kọ́kọ́ rí.

“Kí lèyí ń wá níbí?”

“Òun ló mú mi wá,” Verna ní.

Delbert wo Orville. Orville wo ilẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.”

Delbert fẹ́ bú u, agbára ò sí.

“Bú u dáadáa,” Verna ní. “Ká ní èmi ìyàwó rẹ nìkan lo ní, ibí lò bá kú sí lónìí. Olè tó ń jí olú rẹ ló mọ ibi tí wọ́n ti lè rí ọ.”

Omi bọ́ lójú Delbert. Ó di ọwọ́ Verna mú.

“Ibòmíràn tí mo ti ń ṣa olú wà lẹ́yìn ilé àwọn Caudill tó jóná,” ó ní. “Nídìí igi ápù kẹta. Òmíràn wà lókè ibi tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀, lápá ọ̀tún…”

Orville dìde fùú. “Ẹ jẹ́ n lọ pe àwọn panápaná,” ló wí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí.

Verna ní kí ọkọ òun dákẹ́, kó sinmi. Kò dákẹ́. Ó ń ka gbogbo ibi olú rẹ̀ tẹ̀ léra wọn, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ò ní parí rẹ̀, ẹkún sì ń gbọn Verna tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ìdajì wọn.